Ta Ni Ó Ni Owó Ọkọ̀: Ọ̀gá Ni Tàbí Òṣìṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ máa ń sọ, tí àwa àgbà a sì fi rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àwàdà ni. Wọn a ní ọlọ́kadà ni àwọn ń ṣiṣẹ́ fún, àwọn kò ṣiṣẹ́ fún ara àwọn. Bí a bá wò ó dáadáa, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé: owó tí òṣìṣẹ́ ń ná láti ilé rẹ̀ dé ibi iṣẹ́, àti èyí tí ó fi ń padà sílé, ta ni ó yẹ kí ó san án? Ṣé ọ̀gá tí iṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀ ni, tàbí òṣìṣẹ́ tí ẹsẹ̀ jẹ́ tirẹ̀?

Ìbéèrè náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ó wọ ilé gbogbo wa pátá. Ọjọ́ náà ni wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, tí ó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo tí a ń rà ní nǹkan bí náírà 190 fò kọjá 480 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Kúwárà tí ó múlé ti Ògbómọ̀ṣọ́, Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq pàṣẹ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wá síṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ dípò márùn-ún fún ìgbà díẹ̀, kí owó ọkọ̀ má baà pa wọ́n. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ẹdó náà ṣe irú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, Gómìnà Ṣèyí Mákindé fi 25,000 náírà kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fún oṣù mélòó kan, àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì sì ń gba 15,000.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Láìfi ẹnu sọ ọ́, àwọn ìjọba wọ̀nyí gbà pé ọ̀nà ibi iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀ràn òṣìṣẹ́ nìkan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìjọba gbà síṣẹ́ kò pọ̀ láàrin wa. Ọmọbìnrin tí ń bá ẹni ẹlẹ́ni tajà ní Akẹ̀sán, olùkọ́ ilé ìwé aládàáni ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọkùnrin tí ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì, ta ni ó dín ọjọ́ iṣẹ́ tiwọn kù? Ta ni ó fi ohunkóhun kún tiwọn?

Ẹnìkan lè sọ pé òfin owó oṣù tí ó kéré jù ti gbà wọ́n. Lóòótọ́, ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ọ́ di 70,000 náírà, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì kéde pé 80,000 ni òun yóò san. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin náà kò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ẹ ka àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní àdúgbò yín, ẹ ka ilé aránṣọ, ẹ ka ilé ìwé kéékèèké. Mélòó nínú wọn ni ó ní òṣìṣẹ́ 25?

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Kí á ní ọmọbìnrin kan ń gba 35,000 náírà lóṣù. Kí á ní ọlọ́kadà ń gba 400 lálọ, ó ń gba 400 lábọ̀. 800 lójúmọ́ nìyẹn. Ọjọ́ 26 ni ó fi ń ṣiṣẹ́ nínú oṣù, nítorí pé ọjọ́ Àìkú nìkan ni ó fi ń sinmi. 800 lọ́nà 26 jẹ́ 20,800. Ohun tí ó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ 14,200, kò sì tíì jẹun ọ̀sán. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá ń sọ fáyé gbọ́ pé 35,000 ni òun ń san, kò purọ́. Síbẹ̀, ọmọ náà kò fi ojú rí 35,000 rí.

A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ti ọ̀gá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń sọ. Èkíní, wọn a ní, "Èmi kọ́ ni mo ní kí o lọ máa gbé Fìdítì." Ẹni méjì ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Òwódé l'Ọ́yọ̀ọ́, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ọ̀kan ń fẹsẹ̀ rìn wá láti ẹ̀yìnkùlé, èkejì ń wọkọ̀ wá láti ìlú mìíràn. Bí ọ̀gá bá san owó ọkọ̀ fún èyí èkejì, ṣé kò ti sanwó fún un ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ lórí iṣẹ́ kan náà? Èkejì, wọn a ní bí ẹ bá fi tipátipá mú wa san án, ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ni a ó máa gbà síṣẹ́. Ẹ̀kẹta, wọn a ní àwa náà ń san owó ọkọ̀ tiwa, kò sí ẹni tí ń bá wa san án.

Ti ẹ̀kẹta yìí ni kò wúwo rárá. Ta ni ó sọ pé kò sí ẹni tí ń bá ọ̀gá san owó ọkọ̀ rẹ̀? Ẹni tí ó kó tòmátò wọ ọjà ti ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn kí ó tó dá iye lé e, a kì í sì í bú u, nítorí a mọ̀ pé tòmátò kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn wá. Oníṣọ́ọ̀bù náà ń kà á mọ́ ọjà rẹ̀, àwa oníbàárà ni a sì ń san án. Òṣìṣẹ́ náà kúkú ń ta nǹkan. Agbára rẹ̀ àti àsìkò rẹ̀ ni ọjà rẹ̀. Èéṣe tí òun nìkan kò fi gbọdọ̀ ka owó ọkọ̀ mọ́ ọjà tirẹ̀?

Ti èkíní gbà wá ní ìrònú díẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀gá kọ́ ló yan ilé fún òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ náà yàn án bí? Ní ìlú bíi tiwa, agbo ilé baba ẹni ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń gbé, nítorí pé wọn kì í san owó ilé níbẹ̀. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ gíga LAUTECH, bí ó bá fẹ́ kó lọ sí ẹ̀bá ibi iṣẹ́ rẹ̀, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò jọ máa du yàrá. Ohun tí ó sá fún lọ́wọ́ ọlọ́kadà, onílé yóò gbà á. Ẹni tí ọ̀nà méjì péré là fún, tí méjèèjì sì ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, a kò lè sọ pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án.

Èyí tí ó kàn mí lára jù ni ti èkejì, nítorí pé ó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bí a bá ṣe òfin tí ó le jù, ọmọ Ìlọrà àti ọmọ Fìdítì ni kò ní ríṣẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́, ọmọ ìgbèríko ni kò ní ríṣẹ́ nígboro. Ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni a ó ti ilẹ̀kùn mọ́. Nítorí náà n kò sí lára àwọn tí ń sọ pé kí ọ̀gá máa san gbogbo owó ọkọ̀ gbogbo ènìyàn láti ibikíbi tí wọ́n bá ti ń bọ̀.

Láyé àwọn baba wa, ọ̀rọ̀ náà kò le báyìí. Ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ awọ tàbí igbá fínfín l'Ọ́yọ̀ọ́, ilé ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń gbé, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹun. Ẹni tí ó bẹ àwọn ènìyàn lọ́wẹ̀ ni ó ń pèsè oúnjẹ àti omi fún wọn. Ìwọ̀fà nìkan ni ó ń ti ilé ara rẹ̀ lọ sí oko olówó, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ oníwọ̀n ni tirẹ̀. Bí ó bá ti parí ìwọ̀n náà, ìyókù ọjọ́ di tirẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń rin ọ̀nà bí ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ a ti ṣú kí wọ́n tó kúrò níbi iṣẹ́.

Àṣà wa òde òní náà ní ohun tí ó ń sọ. Bí ọkọ̀ ènìyàn bá kú lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì láti ìlú, ó ti mọ̀ pé owó ọkọ̀ mẹkáníìkì náà wà lọ́tọ̀ kí wọ́n tó dé orí owó iṣẹ́. Bíríkìlà tí a mú láti Ọ̀yọ́ lọ kọ́lé ní Ìṣẹ́yìn, ẹni tí ó ni ilé ni yóò gbé e lọ, ni yóò sì wá ibi tí yóò sùn fún un. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tí o pè kúrò ní àyè rẹ̀, ọrùn rẹ ni ọ̀nà rẹ̀ wà. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù sì gbà pé àṣà tí àwọn ènìyàn mọ̀, bí kò bá ti tako ohun tí Ọlọ́hun sọ, a lè fi ṣe ìdájọ́ níbi tí àdéhùn bá ti dákẹ́.

Hádíìsì kan wà pẹ̀lú, tí Imam Ahmad gbà wá, tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba ẹni tí a bá fi sí iṣẹ́ ìlú láàyè pé bí kò bá ní ilé kí ó ní in, bí kò bá ní ẹran gígùn kí ó ní in, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá kó lé èyí, ìrẹ́jẹ ni. Ẹran gígùn ìjọ́sí ni ọkọ̀ òde òní. N kò ní fi hádíìsì náà sọ ohun tí kò sọ: òṣìṣẹ́ ìlú ni ó ń bá wí, kì í ṣe ìyá oníṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀ ó kọ́ wa pé ohun tí ń gbé ènìyàn dé ibi iṣẹ́ kì í ṣe fàájì, ara ohun tí iṣẹ́ fi ń ṣeé ṣe ni.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ńkọ́? Ó ya ni lẹ́nu. Òfin iṣẹ́ tí a ti ń lò láti àwọn ọdún 1970 sọ pé bí agbanisíṣẹ́ bá ní kí òṣìṣẹ́ lọ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí ibi iṣẹ́ mìíràn tí ó jìnnà tó kìlómítà 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí kí ó fún un lówó rẹ̀. Láti ibi iṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ nìyẹn; òfin náà kò fi ti láti ilé sí ibi iṣẹ́ kún un. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, wọ́n ṣe òfin mìíràn lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa. Òfin yìí sọ pé bí jàǹbá bá ṣe òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà láàrin ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́, ó ní ẹ̀tọ́ sí owó náà, láti inú àpò tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn sí lọ́dọ̀ àjọ NSITF. Ẹ bá mi rò ó. Bí òṣìṣẹ́ bá kú lójú ọ̀nà, òfin ní iṣẹ́ ni ó ń lọ. Bí ó bá gúnlẹ̀ láyọ̀, òfin ní ara rẹ̀ ni ó ń gbé kiri.

Àwọn ìlú mìíràn ti gbìyànjú láti pín in. Ní Bùràsíìlì, láti ọdún 1985 ni òfin ti wà pé kí òṣìṣẹ́ fi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀ fún owó ọkọ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì san èyí tí ó bá kù. Ní ilẹ̀ Faransé, ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù ni agbanisíṣẹ́ ń dá padà. Ti Bùràsíìlì ni ó wù mí jù, nítorí pé agbára òṣìṣẹ́ ni ó wò. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré ni ó ń ràn lọ́wọ́ jù. Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́hùn-ún. Ọlọ́kadà tiwa kì í já ríṣíìtì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan òṣìṣẹ́ náà, nítorí kì í ṣe ọ̀gá nìkan ni ó lè rẹ́ ènìyàn jẹ. Ọ̀dọ́ kan lè bi wá pé: bí ọ̀gá bá fún mi ní owó ọkọ̀, tí mo fẹsẹ̀ rìn, ṣé mo lè fi owó náà pamọ́? Bí ó bá jẹ́ pé iye kan ni wọ́n là sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ lóṣooṣù, tirẹ ni. Fẹsẹ̀ rìn kí o sì fi ra ìwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wọ́n bi ọ́ ní èló ni o san, tí o fẹsẹ̀ wá tí o sì pe 500, jìbìtì ni, bí ó ti wù kí owó oṣù rẹ kéré tó. Ẹni tí ń gbé Awẹ́ tí ó sọ pé Ìbàdàn ni òun ti ń bọ̀, ó ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tí ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóòótọ́.

Ohun tí mo rò nìyí. Ọ̀nà pé oríṣi méjì. Ọ̀kan ni ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ mọ̀ kí ó tó gba iṣẹ́. Èkejì ni ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbé kà á lórí. Olùkọ́ tí ó fi Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ibùgbé, tí wọ́n wá fi ìwé gbé e lọ sí ilé ìwé abúlé kan lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, kò yan ọ̀nà náà. Ọ̀kadà nìkan ni ó ń wọ ibòmíràn níbẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀, iye tí ọlọ́kadà bá pè ni iye náà. Òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì tí wọ́n ní kí ó dé kí ìrun àsùbá tó tó, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì jáde, kò yàn án. Ọmọbìnrin tí ọ̀gá rẹ̀ dá dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́ nítorí oníbàárà kan kò yàn án, òun sì ni ewu ọ̀nà òru wà fún. Nínú gbogbo irú èyí, gbogbo owó náà ni ó yẹ kí agbanisíṣẹ́ san, ìbáà jẹ́ ìjọba ìbáà jẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn olùkọ́ ìgbèríko tí wọ́n ń lọ ní ọjọ́ mẹ́ta péré nínú márùn-ún, a ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìṣirò ni wọ́n ṣe. Àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó sí kíláàsì láìrí olùkọ́ ni wọ́n ń san owó ọkọ̀ náà.

Ní ti ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú Súúrà Al-Qasas, nígbà tí baba àgbà Mádíyánà fẹ́ gba Ànábì Mùsá sí iṣẹ́, ó dá ọdún mẹ́jọ fún un, ó ní bí ó bá pé mẹ́wàá, oore ọwọ́ rẹ̀ ni, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun kò fẹ́ ni ín lára. Ẹ ò rí i pé ohun gbogbo ti hàn kí ẹran kan tó jẹko? Lọ́dọ̀ tiwa, iye owó oṣù nìkan ni a ń sọ. Kí ọ̀gá bèèrè pé, "Níbo lo ti ń bọ̀, èló sì ni ọkọ̀?" Kí àwọn méjèèjì jọ ṣe ìṣirò náà lójú ara wọn. Bí ohun tí yóò kù lẹ́yìn owó ọkọ̀ kò bá tó jẹun, kí ọ̀gá mọ̀ ọ́n, kí ó má ṣe dibọ́n. Àwọn kan a ní owó ọkọ̀ ti wà nínú owó oṣù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀; láti ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ti pa owó ilé, owó ọkọ̀ àti àwọn ìyókù pọ̀ di ẹyọ kan fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì wá dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ tí a kò lè ṣà jáde mọ́. Bí ó bá wà níbẹ̀, kí wọ́n fi hàn wá. Kí ó sì máa gòkè bí epo bá ń gòkè.

Ìyá tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kan pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì lè sọ pé òun kò ní owó tí òun yóò fi kún un. Mo gbà á gbọ́. Àsìkò ni kí ó fi san án. Kí ó jẹ́ kí ọmọ náà kúrò ní aago márùn-ún, nígbà tí ọkọ̀ elérò púpọ̀ ṣì ń ná, tí kò ní di ọ̀kadà alẹ́ tí ń gba ìlọ́po méjì. Kí ó fún un ní ọjọ́ kan sí i nílé láàrin ọ̀sẹ̀. Nínú ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mẹ́rin lóṣù jẹ́ 3,200 náírà. Ẹni tí ó ní máṣíìnì tirẹ̀, kí a fún un ní ibòji tí yóò gbé e sí níwájú ibi tí ojú ti tó o, kí ó má máa sanwó fún ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ọ lójú títì.

Ọ̀rọ̀ kù tí ó kan àwa gan-an. Níbi wòlímọ̀ àti Màólúdì, a máa ń fi owó ọkọ̀ sínú àpòòwé fún oníwàásù, títí kan èyí tí ó gun ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá. Kò burú, àlejò wa ni. Ṣùgbọ́n ùsítáàsì tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé kéú ní gbogbo ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, láti ọdún dé ọdún, kò sí àpòòwé fún un. A ní iṣẹ́ Ọlọ́hun ni ó ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ọlọ́kadà tí ó gbé e wá kò gba láádá lọ́wọ́ rẹ̀, náírà ni ó gbà. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí bá jókòó lórí ìnáwó ọdún tí ń bọ̀, kí ẹnìkan dìde kí ó bi wọ́n léèrè láti ibo ni ùsítáàsì ti ń wá, àti èló ni ó ń san lálọ àti lábọ̀.